Bọ́tà onígbó nínú fírísà: báwo la ṣe ń mọ agbára rẹ̀, báwo la sì ṣe ń dáàbò bo ará ilé?

Àbẹ̀kẹ́_Bowie

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Maryland là ń gbé. Àbúrò ọkọ mi, ẹni ọdún 27, wà lọ́dọ̀ wa. Ó máa ń ra igbó ní ṣọ́ọ̀bù tó ní ìwé àṣẹ, á fi se bọ́tà, á wá fi bọ́tà náà yan bisikíìtì àti brownie. Mo mọ̀ pé òfin ìpínlẹ̀ yìí ti gbà á láyè fún ẹni tó bá ti pé ọdún 21 láti July 1, 2023, n kò bá a jà lórí ìyẹn. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé inú ike áísìkiriìmù ló ń kó o sí, nínú fírísà kan náà tí ọbẹ̀ wa wà. Ọmọ ọdún mẹ́ta wà nílé. Ìyá ọkọ mi náà ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti warfarin, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì.

Ìbéèrè mi: báwo lèèyàn ṣe ń mọ bí bọ́tà náà ṣe le tó? Báwo la ṣe ń tọ́jú rẹ̀ tí ẹlòmíì kò fi ní ṣì í jẹ? Bí ọmọ bá sì jẹ ẹ́, kí ni ká kọ́kọ́ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ìdáhùn ni mo ń wá, kì í ṣe ìwàásù.

Alásè_Toronto

Ẹ kú ìbéèrè, Àǹtí. Ẹ jẹ́ ká ti ibi agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti sábà máa ń wá.

Igbó tí a kò tíì fi iná kàn kò ní THC púpọ̀, ìyẹn èròjà inú igbó tó ń kọ lu ọpọlọ. THCA ló pọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn kì í sì í kọ lu ọpọlọ bẹ́ẹ̀. Ooru ló ń sọ THCA di THC. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń se bọ́tà fi máa ń kọ́kọ́ yan igbó náà nínú oven, ní nǹkan bí 115°C fún ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú bọ́tà lórí iná jẹ́jẹ́. Bí ooru kò bá tó, agbára rẹ̀ kò ní jáde tán. Bó bá pọ̀ jù, THC fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Oven ilé sì máa ń parọ́: ẹ lè yí i sí 115 kó jẹ́ pé 135 ló wà nínú. Nítorí náà, irú igbó kan náà, ẹni kan náà, ìkòkò kan náà, bọ́tà ti oṣù yìí lè má dọ́gba pẹ̀lú ti oṣù tó kọjá. Àwọ̀ ewé rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún yín. Àwọ̀ ewéko lásán nìyẹn, bọ́tà tó dúdú bí ẹ̀fọ́ lè rọ̀, èyí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ sì lè le.

Ìṣírò ló kù. Ká ní gíráàmù 7 ló rà, tí àkọlé orí páálí sì sọ pé THCA rẹ̀ jẹ́ 20%. Gíráàmù 7 jẹ́ mílígíráàmù 7,000. Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 1,400 mg. THCA máa ń fúyẹ́ díẹ̀ nígbà tó bá di THC, nítorí náà ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.877, á kù 1,228 mg. Ẹ fojú sí èyí: bó bá jẹ́ «Total THC» ni wọ́n kọ sára páálí, wọ́n ti bá yín ṣe ìyẹn, ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sára pàǹtí tí a sẹ́ kúrò, àmọ́ nítorí ààbò, ẹ ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ló wọ bọ́tà. Bí bọ́tà bá jẹ́ gíráàmù 227, ìyẹn méjì nínú ìdì mẹ́rin tó ń wà nínú páálí ní Amẹ́ríkà, gíráàmù kọ̀ọ̀kan á ní nǹkan bí 5.4 mg. Ṣíbí tíì kan, bíi gíráàmù 4.7, ti di 25 mg. Ṣíbí ńlá tó gba gíráàmù 14 ti lé ní 75 mg.

Ẹ wá fi wé èyí: 5 mg THC ni NIDA, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí oògùn olóró ní Amẹ́ríkà, fi ṣe ìwọ̀n kan nínú iṣẹ́ ìwádìí. Níbí ní Kánádà, ìmọ̀ràn ìjọba ni pé kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jẹ má kọjá 2.5 mg, 10 mg péré ni òfin sì gbà kó wà nínú páálí kan lódindi. Àbúrò yín lè ti fi ṣíbí tíì kan gbé ohun tí wọ́n ń pín fún èèyàn mẹ́wàá sórí búrẹ́dì.

Bó bá ṣe ti oko ẹ̀yìnkùlé ni, tí kò ní àkọlé, kó ṣírò rẹ̀ bíi 25%. Kó kúkú rò pé ó le ju bó ṣe le lọ.

Ohun tí mo máa ní kó ṣe ni pé kó là á. Kó wọn gíráàmù 20 nínú bọ́tà líle yẹn, kó yọ́ ọ pọ̀ mọ́ gíráàmù 180 bọ́tà lásán, kó rò ó dáadáa títí á fi dì. Gíráàmù kọ̀ọ̀kan á di nǹkan bí 0.54 mg, ṣíbí tíì kan á wá bọ́ sí 2.5 mg. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka ìdá mẹ́wàá gíráàmù kò wọ́n, kó rà á. Ṣíbí kì í sọ òótọ́.

Lẹ́yìn èyí ni pípò. Bọ́tà tí kò pò kárí ìyẹ̀fun máa ń kóra jọ sójú kan, bisikíìtì kan á ní 5 mg, èkejì 40, nínú àwo kan náà. Kó yọ́ bọ́tà náà kó tó dà á, kó pò ó kárí, kó sì wọn ìṣù ìyẹ̀fun kọ̀ọ̀kan kí gbogbo wọn dọ́gba. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má fi ṣe chin-chin láéláé. Ta ló ń ka chin-chin? Ìkúnwọ́ ni wọ́n ń jẹ ẹ́.

Ohun tó wá ń ṣe àgbàlagbà ní jàǹbá ni àìnísùúrù. Ẹni tó bá mu igbó, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni á ti mú un. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ó gbọ́dọ̀ gba inú ikùn dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sọ THC di irú mìíràn tó ń wọ ọpọlọ kíákíá tó sì le jù ú lọ. Ìyẹn lè gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí méjì kó tó bẹ̀rẹ̀, wákàtí méjì sí mẹ́rin kó tó dé góńgó, wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó rọlẹ̀. Ẹni tó bá ní «kò tíì mú mi», tó tún gbé òmíràn jẹ, ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ló máa bá a lálejò. Ìròyìn CDC, àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, ti 2015 sọ nípa akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 19 kan ní Colorado, March 2014. Bisikíìtì kan ṣoṣo ni, 65 mg ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó tà á sì ní kó pín in sí mẹ́fà. Ó jẹ ẹyọ kan, kò rí nǹkan kan láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, ló bá jẹ ìyókù tán. Ní nǹkan bí wákàtí méjì àbọ̀ lẹ́yìn náà ó bẹ́ láti báńkónì àjà kẹrin, ó sì kú. Wákàtí méjì ó kéré tán láàárín ìgbà àkọ́kọ́ sí èkejì; èyí tó dára jù ni kó má sí èkejì lọ́jọ́ yẹn.

Nọ́ọ̀sì_Dúpẹ́

Alásè ti ṣe iṣẹ́ ìṣírò. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ọmọ àti ti Màmá.

Ọmọ ọdún mẹ́ta kì í jẹ ìdá mẹ́wàá brownie. Odindi ló ń jẹ, ara rẹ̀ kò sì ju kílò mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ní Amẹ́ríkà, ìpè tí Poison Control, ibi tí wọ́n ń pè nítorí májèlé, gbà nípa ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà tó jẹ oúnjẹ onígbó jẹ́ 207 ní 2017. Ní 2021, ó ti di 3,054. Inú ilé ni ọ̀pọ̀ wọn ti rí i.

Ohun tí ẹ máa rí: oorun tí kò yẹ, ọmọ tí ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mutí, ojú pípọ́n, èébì, ara tó rọ̀ bí aṣọ. Bó bá le, gìrì lè mú un, èémí rẹ̀ lè máa lọ sílẹ̀, ó lè má jí nígbà tí ẹ bá pè é. Ó lè tó wákàtí mélòó kan kí ó tó hàn, nítorí náà «ó ṣì ń ṣeré» kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí nǹkan.

Bí ẹ bá fura pé ó jẹ ẹ́, tí ara rẹ̀ ṣì dá, ẹ pe Poison Control ní 1-800-222-1222 lójú ẹsẹ̀, ọ̀sán tàbí òru, ọ̀fẹ́ ni. Bó bá ń sùn tí ẹ kò lè jí i, bí gìrì bá mú un, bí èémí rẹ̀ kò bá dọ́gba, 911 ni, ẹ má pe ẹlòmíì kọ́kọ́. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ yọ èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀. Ẹ mú ike tàbí èyí tó ṣẹ́kù dání.

Mo mọ ilé wa dáadáa, nítorí náà mo fẹ́ tẹnu mọ́ èyí: ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ má fún un ní mílíìkì kó lè «pa májèlé». Ọ̀rá ni THC ń bá rìn, epo lè jẹ́ kí ara fa púpọ̀ sí i, ọmọ tó ń tòògbé sì lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má tì í lọ́fun kó lè bì. Àgbo gìrì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Kò sí oògùn kan tó ń pa THC lára. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ni kí wọ́n máa ṣọ́ èémí àti ọkàn rẹ̀ títí yóò fi kúrò, ó sì lè tó ọjọ́ kan.

Ẹ sọ òótọ́ fún dókítà. Bí ẹ bá fi pamọ́, àrùn ọpọlọ ni wọ́n máa rò. Wọ́n á ya fọ́tò orí rẹ̀, wọ́n lè gún ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ láti fa omi yẹ̀ wò, gbogbo rẹ̀ lórí ohun tí gbólóhùn kan ì bá ti yanjú. Lóòótọ́, ilé ìwòsàn lè pe àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Bí wọ́n bá pè wọ́n, àpótí alágàdágodo tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ á sọ̀rọ̀ fún yín.

Ti Màmá: THC máa ń mú kí ọkàn sáré, ó sì lè mú kí ìfúnpá wálẹ̀ lójijì nígbà téèyàn bá dìde. Ẹni tó ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀ á tètè ṣubú. Warfarin tún wá wà níbẹ̀: igbó lè dí ọ̀nà tí ẹ̀dọ̀ fi ń tú warfarin ká, oògùn náà á pọ̀ lára, ẹ̀jẹ̀ kò ní í tètè dì. Àgbàlagbà tó ṣubú, tó forí gbálẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dì: 911 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà bí wọ́n bá ní kò dùn wọ́n.

Àgbàlagbà tó ní ìlera tó ṣì jẹ púpọ̀, ẹ̀rù ló sábà máa ń bà á jù. Yàrá tó dákẹ́, omi, ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wakọ̀, kò gbọ́dọ̀ fi ọtí lé e. Bí àyà bá ń dùn ún, bó bá dákú, bí èébì kò bá dúró, ẹ gbé e lọ. Aboyún àti abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án; ó ń wọnú ibi-ọmọ, ó sì ń wọnú omi ọmú.

Àbẹ̀kẹ́_Bowie

Ẹ ṣeun púpọ̀, ọ̀rọ̀ epo pupa yẹn gan-an ni ìyá mi ì bá kọ́kọ́ ṣe. Àbúrò ọkọ mi ka èyí, ó ní bí òun bá yan án ní 175°C, agbára rẹ̀ á ti lọ, pé kí n má bẹ̀rù brownie, bọ́tà nìkan ló le. Ṣé òótọ́ ni? Mo tún rí omi kan tó dúdú lábẹ́ bọ́tà náà nínú ike. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Túndé_onímọ̀oúnjẹ

Rárá, kì í ṣe òótọ́. 175°C ni ooru oven, kì í ṣe ooru inú brownie. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà nínú àkàrà òyìnbó, inú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 100°C. THC kò lọ síbì kankan. Ó yàtọ̀ bó bá da bọ́tà náà sínú páànù gbígbóná láti fi dín nǹkan: ibẹ̀ ni ó ti ń jóná, bọ́tà náà á sì korò.

Omi yẹn: bọ́tà fúnra rẹ̀ ní omi bíi ìdá mẹ́rìndínlógún sí méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ alásè sì tún máa ń bu omi sí i nígbà sísè kó má baà jóná. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n omi náà kò gbọ́dọ̀ bá bọ́tà gbé. Nígbà tó bá dì nínú fíríjì, kó gbé òkè rẹ̀ kúrò lódindi, kó da omi nù, kó fi ọ̀bẹ ha ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó fi pépà ìnuwọ́ gbẹ ẹ́, kó tó tún un yọ́ sínú ìgò. Omi àti èérún ewé tó kù nínú rẹ̀ ni ebu (mold) búlúù-búlúù fi ń hù. Bí ebu bá ti hù, kì í ṣe ká ha ojú rẹ̀ kúrò. Gbogbo rẹ̀ ló lọ.

Èyí tó burú ju ebu lọ kì í rùn, kì í sì í yí àwọ̀ padà. Èso kòkòrò botulism máa ń wà lára ohun tó hù láti inú ilẹ̀. Sísè lásán ní 100°C kì í pa á. Ó gba 121°C nínú ìkòkò alágbára (pressure cooker). Ewé tútù nínú epo, tí atẹ́gùn kò dé, tí kò ní kíkan, tó wà lórí káńtà nínú ilé tó móoru, ibẹ̀ ló ti ń pèsè oró. Nítorí náà: kó lo igbó tó gbẹ dáadáa. Kó fi aṣọ asẹ́ ògì tó mọ́ sẹ́ ẹ, kó jẹ́ kó máa kán fúnra rẹ̀. Bó bá fún un mọ́lẹ̀ bí ẹni ń fún ògì, èérún àti ìkorò ló ń fún wọlé. Kó gbé e sínú fíríjì ní 4°C kí wákàtí méjì tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì nínú fíríjì, nǹkan bí oṣù mẹ́fà nínú fírísà, kò gbọ́dọ̀ sí lórí káńtà.

Ẹ jẹ́ kó pín in kó tó dì. Àwo yìnyín onísilikóòníì, gíráàmù mẹ́wàá-mẹ́wàá, yóò jẹ́ kó mú ẹyọ kan jáde láì yọ́ odindi. Ìgò tàbí ike rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí kò sí fún nǹkan mìíràn nílé. Ike áísìkiriìmù kọ́! Gbogbo ọmọ Nàìjíríà ló ti ṣí ike yẹn rí pé áísìkiriìmù ni, tó bá ẹ̀gúsí níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀gúsí. Kó kọ ọjọ́ tó sè é, iye mg nínú gíráàmù kan, àti ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ sára rẹ̀. Nítorí Màmá, kó kọ ọ́ ní Yorùbá gàdàgbà: IGBÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀, Ẹ MÁ JẸ Ẹ́. Kí bisikíìtì tó ti yan náà wà nínú àpótí kan náà, kí àpótí ní àgádágodo. Orí kọ́bọ́ọ̀dù kì í ṣe àgádágodo. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ àga í gùn.

Bó bá ń gbèrò láti fi gáàsì bútéènì tàbí ọtí líle fa agbára igbó jáde nílé, ẹ dá a dúró. Èéfín gáàsì máa ń rọ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìdáná títí yóò fi kan iná kékeré, ilé á sì bú gbàù. Bọ́tà lórí iná jẹ́jẹ́ kò ní irú ewu yẹn.

Ajá ńkọ́? Ẹ kò sọ bóyá ẹ ní. Brownie onígbó fún ajá jẹ́ ìyà méjì, ti THC àti ti ṣokoléètì.

Lọ́yà_Silver_Spring

Kúkurú ni tèmi. Maryland gba ẹni ọdún 21 láyè kó ní òdòdó igbó tó jẹ́ áúnsì kan àbọ̀, tàbí ohun mìíràn tí THC inú rẹ̀ kò kọjá 750 mg. Ẹ wo ìṣírò Alásè: gíráàmù 7 péré ti di 1,228 mg nígbà tó wọ bọ́tà. Láti 750 sí 1,250 mg, owó ìtanràn tó lè tó $250 ló wà níbẹ̀. Bó bá kọjá ìyẹn, ọ̀rọ̀ ọ̀daràn ló lè dà. Kó máa sè é díẹ̀-díẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún àwa: òfin ìjọba àpapọ̀ kò tẹ̀lé ti Maryland. Ìlànà USCIS, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní April 19, 2019 sọ ọ́ kedere pé rírú òfin igbó ìjọba àpapọ̀ lè dí ènìyàn lọ́wọ́ láti di ọmọ Amẹ́ríkà, bí ìpínlẹ̀ bá tilẹ̀ gbà á láyè. Bí àbúrò ọkọ yín bá wà lórí green card tàbí físà, kó rí lọ́yà ìwọ̀lú kó tó dáhùn ìbéèrè kankan nípa igbó níwájú òṣìṣẹ́ wọn. Bó bá jẹ́ awakọ̀ tírélà, àyẹ̀wò ìtọ̀ kì í béèrè bóyá jíjẹ ló jẹ ẹ́ tàbí mímu.

Kò gbọ́dọ̀ wọ pápákọ̀ òfurufú, kò gbọ́dọ̀ gba ilé ìfìwéránṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ kọjá ààlà ìpínlẹ̀. Kí ẹ sì tú àpò Màmá wò pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí wọ́n tó padà, torí ìyá àgbà máa ń kó bisikíìtì lọ fún ọmọ-ọmọ. Ní Nàìjíríà, NDLEA kì í ya bisikíìtì sọ́tọ̀ kúrò lára igbó, ẹ̀wọ̀n ọdún gbọọrọ ló wà nídìí rẹ̀. Bí wọ́n bá gba London kọjá, oògùn ìsọ̀rí B ló jẹ́ níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Bowie

A ti ra àpótí alágàdágodo. Àmọ́ èyí tó wà nínú fírísà báyìí, kò rántí iye igbó tó fi sè é, páálí igbó náà ti lọ. Ṣé a lè là á bí Alásè ṣe wí?

Alásè_Toronto

Rárá. Ohun tí a kò mọ iye rẹ̀, a kò lè là á. Ẹ kàn máa ní ohun àìmọ̀ tó pọ̀ sí i ni. Ẹ dà á nù.

Túndé_onímọ̀oúnjẹ

Kì í ṣe sínú sínkì o, á dì sínú páìpù. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀, ẹ pò ó mọ́ gàrí kọfí tí ẹ ti lò tàbí yanrìn ológbò, títí tí kò fi ní jọ oúnjẹ lójú ẹnikẹ́ni. Ẹ dì í sínú ọ̀rá tó ń pa ẹnu dé, ẹ fi ọ̀rá kejì bò ó. Àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ ìdọ̀tí ń bọ̀ ni kí ẹ gbé e síta, kì í ṣe ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ike áísìkiriìmù náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó sọ ọ́ nù. Ṣíbí onígi àti àwo silikóòníì tó bá ti mu bọ́tà náà, kó di ti àbúrò yín pátápátá, kó sì wọ inú àpótí yẹn pẹ̀lú ìyókù.